Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àbúrò mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ọdún mọ́kànlá lo fi wakọ̀ l'Ékòó láìgbá ẹnikẹ́ni, àmọ́ láti ìgbà tí o ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o ti féèlì ìdánwò ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé obìnrin tó dán ọ wò kẹ́yìn kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ. O wá ń béèrè bóyá ìlú mìíràn wà tí àwọn ẹ̀sámínà wọn láàánú díẹ̀, tàbí kí o kúkú fi í sílẹ̀.

Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Corolla mi ni mò ń wà n'Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko kí n tó wá síbí wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn. Iṣẹ́ yẹn kò sì ṣeé fi bọ́ọ̀sì ṣe. Aago méje àárọ̀ o wà nílé bàbá kan, aago mẹ́jọ o gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ màmá kan ní abúlé kejì tí bọ́ọ̀sì kì í yà sí lọ́jọ́ Àìkú. Nítorí náà, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀.

Kí n tètè sọ eléyìí kí n má baà gbàgbé. O fẹnu ara rẹ sọ pé o ṣì ń fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, o sì ti lé ní oṣù 14 níbí. Jọ̀ọ́, dáwọ́ dúró. Oṣù 12 péré ni òfin gbà ọ́ láàyè láti fi tilé wakọ̀, láti ọjọ́ tí o ti di olùgbé ibí. Provisional tí o ní lọ́wọ́, láísẹ́ńsì ẹni tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀, kò gba èèyàn láàyè láti dá wà nínú ọkọ̀: àmì L pupa gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tó sì ti ní láísẹ́ńsì fún ọdún 3 sì gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ báyìí, íńṣọ́ránsì lè yọwọ́yọsẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì ti kúrò ní ti ìdánwò.

Ó yá, jẹ́ ká sọ ti ìdánwò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ráńdábáòtù ló gbé mi ṣubú. A kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú títì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, wọn kò tíì bí mi nígbà yẹn, ọ̀tún nìkan ni mo bá láyé. Ní Mókólá, ọwọ́ òsì rẹ ni ọkọ̀ tó wà nínú ráńdábáòtù ti ń bọ̀ wá bá ọ (pé ẹnikẹ́ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìyẹn lọ́tọ̀). Níbí, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo mọ̀ ọ́n lórí, mo ti kà á nínú ìwé, mo gba 49 nínú 50 nínú tíọ́rì, ìdánwò ìbéèrè tí a ń ṣe ṣáájú ti ojú títì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, ọrùn mi sì ṣe ohun tó ti mọ̀ọ́ ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án: ó wo òsì, ó rí i pé kò sí nǹkan, mo tẹná. Bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀sámínà, torí ọkọ̀ tíṣà mi la gbé lọ. Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ fáànù funfun kan kọjá níwájú imú wa báyìí. Ọkùnrin náà kò pariwo, ó ní kí n máa lọ nígbà tí mo bá ti ṣe tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù, omi ojú ni mo fi ń wakọ̀.

Ìyẹn kò nílò àlàyé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló yẹ kí o gbọ́.

Ẹ̀sámínà ọjọ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tó ti ń hewú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí n dúró, lẹ́yìn náà kí n máa lọ. Ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, mo wo dígí, mo tan tráfíkétọ̀, mo gbéra. Ọ̀nà dá páropáro, ajá lásán kò kọjá. Mo páàkì ọkọ̀ láàárín ìlà méjì bí ẹni tó fi abẹ gé e, inú mi ń dùn. A padà dé, ó ní mi ò yege. Àṣìṣe kékeré mẹ́fà péré, àti ńlá kan. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni mo gbá? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!"

Ó ní, "Òótọ́ ni, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Èmi mọ̀, torí mo yíjú wẹ̀yìn. Ṣé ẹ̀yin mọ̀?"

Mo yanu, mi ò rí nǹkan sọ. Dígí ni mo wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí dígí kò dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọ̀tún, níbi tí ọlọ́kẹ̀kẹ́ lè fara pamọ́ sí. Mi ò yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kan, ìbá jẹ́ àṣìṣe kékeré. Ní àṣetúnṣe, ó di ńlá.

Bí wọ́n ṣe ń ka á nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ ọ́n kó tó dọjọ́ ìdánwò. Àṣìṣe kékeré, tí gbogbo èèyàn ń pè ní máínọ̀, o lè ní 15 kí o sì yege. 16 ni kò gbà mọ́. Àṣìṣe ńlá, ẹyọ kan péré ti tó, nítorí ó lè di ewu. Àṣìṣe eléwu ni èyí tí ewu ti dé tán, bíi ti fáànù funfun mi. Bí o kò bá rí nọ́ńbà ọkọ̀ kà láti mítà 20 kí ẹ tó gbéra, ẹ kò ní gbéra rárá. Àwọn ìbéèrè nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń yẹ bíréèkì wò, bí a ṣe ń nu gíláàsì iwájú, máínọ̀ kan ni bí o bá ṣì í. Bí ẹ̀rọ atọ́nà bá ní kí o yà sí òsì tí o sì yà sí ọ̀tún, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí o bá ti yà dáadáa. Kì í ṣe ìmọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń dán wò.

Kí wá ni wọ́n ń dán wò? Rántí Èkó. L'Ékòó, etí la fi ń wakọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa fọn fèrè pé òun ń bọ̀, ìwọ kàn ń wo iwájú. Bó bá sì jẹ́ dánfó ni, kọ́ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: "Ó ń bọ̀ lọ́tùn-ún o! Dúró! Ó yá, wọlé, wọlé!" Kọ́ńdọ́ lojú, dírẹ́bà lọwọ́. Níbí, wọn kì í fọn fèrè, ọlọ́kẹ̀kẹ́ kò ní pariwo, ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ bọ̀ létí síbírà kò ní na ọwọ́ sí ọ. Àfi kí o fúnra rẹ rí wọn. Ẹ̀sámínà tó jókòó tì ọ́ kò sì lè rí inú orí rẹ. Ojú rẹ ló ń rí, ọrùn rẹ ló ń rí, lẹ́yìn náà ohun tí ọkọ̀ ṣe. Ọdún mọ́kànlá l'Ékòó ti kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ. Wọn kò sọ pé o kò mọ ọkọ̀ wà. Ojú rẹ ni kò tíì kọ́ṣẹ́.

Má sì rò pé mò ń sọ pé kí o máa mi orí bí alángbá. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wo dígí, tó rí ọlọ́kẹ̀kẹ́, tó sì tún yà sí i lójú, ẹjọ́ rẹ̀ burú ju ti ẹni tí kò wò lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí èmi ni mo féèlì ara mi. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi iná tráfíìkì. Mo fi gíà kẹta gbéra, ó gbọ̀n, ó kú. Mo fa háńbíréèkì, mo tún un ṣe, a lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ti sọ pé ó tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí màá ṣe sọ fún ọkọ mi. Níbi tí mo ti ń rò ó ni mo ti gba iwájú ilé ìwé kan, àmì 20 ńlá wà níbẹ̀, mò ń sá máìlì 28. Nígbà tí èsì dé, eré tí mo sá yẹn ni àṣìṣe ńlá. Ọkọ̀ tó kú? Máínọ̀ kan. Ká ní mo fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ǹ bá ti yege lọ́jọ́ yẹn.

Ti ìtìjú ńkọ́? Ó wà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti kéde ọjọ́ ìdánwò kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì. Ìyá mi lórí fóònù ní, "Ṣé ọkọ̀ tibẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bíi tiwa ni?" Mo wọ balùwẹ̀, mo tú omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má gbọ́ ẹkún mi. Láti ìgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń mọ ọjọ́ ìdánwò mi. Má sọ tìrẹ fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Kí o sì mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn tó ń yege kò tó ìdajì àwọn tó ń ṣe é, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ wà láàárín wọn.

Fún ọjọ́ mẹ́ta mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀ sétí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìmeèlì èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo rí i pé gbogbo máínọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà: dígí kí n tó yà, dígí kí n tó dín eré kù, wíwo oríta. Kò sí ọ̀kan tó jẹ mọ́ ọwọ́. Páàkì ẹ̀yìn tí mo fi oṣù méjì kọ́, tí mo ná owó lé lórí, ẹnikẹ́ni kò bá mi wí lórí rẹ̀ rí.

Ni mo bá di kọ́ńdọ́ ara mi. Bí mo bá ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tíṣà, mo ń sọ ohun tí mo rí jáde, ní Yorùbá, kí n má baà máa wá èdè tí màá fi sọ ọ́: "Dígí. Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn. Ìyá arúgbó wà létí síbírà, ó fẹ́ sọdá, dúró. Ráńdábáòtù, ọ̀tún, ọ̀tún, ó ń bọ̀, ó lọ, wọlé." Tíṣà mi, ọmọ Pakistan, rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì òun náà ti ń sọ "wọlé". Ní ọjọ́ ìdánwò kẹrin mo pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ń ṣe kọ́ńdọ́ lọ. Mo ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, mo gba ẹ̀ka kejì dípò ẹ̀kẹta, mo rọra máa lọ. Máínọ̀ méje. Mo ní kí tíṣà jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láàyè, torí bí wọ́n bá ti sọ pé o kò yege, etí rẹ á di, o kò ní gbọ́ àlàyé kankan mọ́. Ó dára kí etí mìíràn wà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀sámínà tí kò rẹ́rìn-ín: mi ò ní sọ fún ọ pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílẹ̀ yìí, mo ti pàdé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ṣe ohun tó lòdì sí ìlànà ìdánwò, o lè gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì láàárín oṣù 6 bó bá jẹ́ England tàbí Wales lo wà. Ṣùgbọ́n kóòtù kò ní sọ féèlì di yíyege, ohun tó pọ̀ jù tí o lè rí ni kí wọ́n ní kí o tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àìrẹ́rìn-ín kò sí lára ìlànà. Èyí tó fún mi ní láísẹ́ńsì náà kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ní iye èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ féèlì lọ́sẹ̀ kan, má fi etí sí i, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Lílọ sí ìlú mìíràn? Bí o kò bá ní lọ wakọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, má lọ. Ojú tó ń wá orúkọ títì kò ní ráyè wo dígí. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 gbọ́dọ̀ kọjá kí o tó lè ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ààyè lè má yọ fún oṣù mélòó kan. Pọ́n-ùn 62 ni owó ìdánwò láàárín ọ̀sẹ̀, 75 ní ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀; ẹni tó bá ní kí o san 200 fún òun, ó ń jẹ ọ́ ni. Kí o sì lọ wo ọjọ́ tí o yege tíọ́rì: ọdún 2 ni ó fi ń ṣiṣẹ́, tèmi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó kú.

O sọ gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún mi, bó ṣe jókòó, bó ṣe wo aago. O kò sọ ohun tó kọ. Ìmeèlì méjèèjì, wá wọn jáde lálẹ́ òní, kí o sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú máínọ̀ wọn. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.