Èsì: Ìdí tí ọta .22 méjì fi ń dún yàtọ̀ síra

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní páálí ọta .22 LR (irú ọta ìbọn kékeré kan) méjì ń dún yàtọ̀ síra nínú ìbọn kan ṣoṣo, wọn kò sì bá ojú kan náà lára pátákó. Eré wọn ló fà á.

Bí ooru afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 20 °C, ìró a máa rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 0 °C, ó di nǹkan bíi 331. Ọta tí ó bá sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ ráyè yà, ìyẹn ló ń mú ariwo bíi ti pàṣán jáde ní gbogbo ọ̀nà tí ó bá gbà. Ariwo yìí yàtọ̀ sí ti ẹ̀tù lẹ́nu ìbọn, nítorí náà sàìlẹ́ńsà (ohun tí a ń dè mọ́ ẹnu ìbọn láti dín ariwo rẹ̀ kù) kò lè pa á.

Ọta tí ń dún jẹ́jẹ́ a máa sáré tó mítà 320 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì tó 375. Ṣùgbọ́n kí èyí tó yára tó dé mítà 100, eré rẹ̀ yóò ti já sábẹ́ ti ìró, afẹ́fẹ́ a sì lè mì ín díẹ̀ níbi ìkọjá náà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi .22 díje fi fẹ́ràn èyí tó lọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tètè rọ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún ojú ìfojúsùn ìbọn yín ṣe fún un. Bí ìbọn náà bá jẹ́ irú èyí tí ń ki ọta fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí èyí tó lọ́ra bá ń há.