Irin wẹ́dà nínú ilẹ̀kùn Hilux: ẹ má sanwó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Hilux ni mo fi ń lọ sí oko mi ní Òkè-Ògùn. Nítorí àwọn ajínigbé, wẹ́dà kan ní òun á jó irin pẹlẹbẹ onímìlímítà 3 mọ́ inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun á sì gbé bull bar, irin gbọọrọ tó ń dáàbò bo iwájú ọkọ̀, síbẹ̀. Ó ní kí ọdẹ yìnbọn lu irin náà lójú mi, ọta kò wọlé. Ṣé kí n gbé iṣẹ́ náà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e fún un o. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ń fi ìbẹ̀rù ẹlòmíì jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn ti bull bar. Igbó, kùkùté àti ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìbọn. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún tí Hilux yín jáde, kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ṣáásì, nítorí àwọn sẹ́ńsọ̀ airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá, wà lágbègbè iwájú yẹn. Lójú ọ̀nà oko, irin tó ń bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wúlò jù ú lọ: òkúta kan ṣoṣo tó láti lu àwo ọ́ìlì ya.

Ó wá ku ilẹ̀kùn. Ohun tí wẹ́dà fi hàn yín kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ìbọn ọdẹ, ì báà jẹ́ ṣakabùlà tàbí èyí tó ń lo kátíríìjì, ọta kéékèèké tó ń fọ́n ká ló sábà máa ń yọ, òjé rírọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn; agbára wọn kì í pẹ́ tán. Ọta AK-47 yàtọ̀. Ó tó gíráàmù 8, orí rẹ̀ ṣóńṣó, irin sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 700 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin wẹ́dà onímìlímítà 3 kò jẹ́ nǹkankan lójú rẹ̀. Á gbà á kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba aṣọ kọjá. Ibi tó wá burú sí ni pé bó ṣe ń kọjá, ó ń bu èérún irin dání, á sì fọ́n ọn sára ẹni tó jókòó. Ẹ ó wá fi owó yín ra ọta kún ọta.

Ẹlòmíì á ní kó nípọn sí i. Nínípọn nìkan kọ́. Irin ayẹta gidi, iléeṣẹ́ ló ti fi iná àti ìtútù sọ ọ́ di líle. Bí wẹ́dà bá fi gáàsì gé e, gbogbo ibi tí iná bà á rọ̀ padà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń fi irin mìíràn bo gbogbo oríkèé, títí kan àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó ọkọ̀. Gíláàsì wá ńkọ́? Orí àti àyà awakọ̀ ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Èyí tó lè dá ọta ìbọn gígùn bíi AK-47 dúró máa ń nípọn tó mìlímítà 40. Ègé rẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan wọn nǹkan bíi kílò 100. Ẹ lọ wo bí ti ọkọ̀ yín ṣe fẹ́lẹ́ tó.

Ìkọ́ ilẹ̀kùn Hilux kò sì wà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn á wọ́ sílẹ̀, lọ́ọ̀kì kò ní mú dáadáa mọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ló lè ṣí. Wọ́n gbé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí. Wọ́n ti fi gáàsì gé irin ìdábùú inú rẹ̀ kúrò kí irin tiwọn lè ráyè, bẹ́ẹ̀ irin yẹn gan-an ló ń gbani sílẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn bá kọluni lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà lọ́ọ̀kì ti yọ́ mọ́ra wọn. Èérún wẹ́dà ti dí àwọn ihò ìsàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde, etí ilẹ̀kùn sì ti dípẹtà.

Ẹni tó bá ń ta ayẹta gidi á fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín. Ní ìwọ̀n Yúróòpù, ìpele ààbò tí wọ́n ń pè ní BR4 wà fún ìbọn ìléwọ́. BR6 ni kí ẹ béèrè fún ìbọn gígùn, kí àyẹ̀wò náà sì kan irin, gíláàsì àti oríkèé. Síbẹ̀, kò sí èyí tó ń gba ọta láìlópin. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, búrékì àti sípíríǹgì sì gbọ́dọ̀ yí padà. Ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò wà nídìí ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayẹta. Ẹ bá lọ́yà àti ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Èmi ò tíì fojú rí ọkọ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò àyẹ̀wò.

Tí ìyẹn bá kọjá agbára yín, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ fi owó wẹ́dà ra táyà tuntun, ẹ tún búrékì ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá rìn, ẹ má fi òru rìn, ẹ má máa gbéra ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa bi àwọn Amọ̀tẹ́kùn àgbègbè yín bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wẹ́dà bá ti jó irin mọ́ ilẹ̀kùn kan, ẹ ní kó yọ ọ́, kí ẹ yẹ irin ìdábùú wò. Bó bá ti gé e, ẹ má jẹ́ kó jó o padà. Ẹ ra ilẹ̀kùn mìíràn.