Bọ́nẹ́ẹ̀tì BMW Z3 tí kò dúró mọ́: ṣọ́ọ̀kì wo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kún o, ẹ̀yin ọ̀gá. BMW Z3 ti ọdún 1998 ni mo ń lò ní Kábbà níbí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í dúró lókè mọ́. Lọ́sàn-án, ó ṣì máa ń gbìyànjú díẹ̀, àmọ́ láàárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, bí mo bá ṣe ń fọwọ́ sílẹ̀ báyìí ló ń já wálẹ̀. Igi ni mo fi ń tì í. Mẹkáníìkì kan ní òun á bá mi rọ gáàsì sínú ṣọ́ọ̀kì náà, ìyẹn páìpù tí ọ̀pá dídán ń yọ jáde nínú rẹ̀, tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró lókè. Òmíràn ní òun á fi ti búùtù Golf sí i, torí pé gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún o. Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì méjì tó bá ọkọ̀ yín mu ni kí ẹ rà, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ yẹn kò le, èèyàn méjì á parí rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ọjà, nítorí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń ṣe dáadáa lọ́sàn-án. Náítírójìn tí wọ́n fún mọ́nú páìpù náà, pẹ̀lú oílì díẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀kì yìí. Náítírójìn ló ń ti ọ̀pá dídán náà jáde. Oílì ló ń mú kó rọra lọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí síìlì, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀, gbẹ. Bí ooru bá pọ̀ sí i ní ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, agbára gáàsì náà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Láàárọ̀ ọyẹ́, ara irin lè wà ní 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ dáadáa, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè gbóná dé 60. Ìyàtọ̀ 40 yẹn nìkan fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára rẹ̀. Ooru ló ń bá ṣọ́ọ̀kì yín gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, gáàsì tirẹ̀ ti jò lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa dán ṣọ́ọ̀kì wò, yálà tuntun tàbí àlòkù. Gbogbo wọn ló ń ṣe bí akọni lọ́sàn-án.

Ní ti rírọ gáàsì: wọ́n ti tẹ ẹnu páìpù náà pa láti ilé iṣẹ́, kò ní ihò tí ẹnikẹ́ni lè gbà rọ nǹkan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ọ́ gbọ́dọ̀ lu páìpù náà, kó sì jó fáàfù mọ́ ọn. Èyí tó ti rọ̀ pàápàá ṣì lè ní gáàsì tó lágbára nínú. Iná wẹ́dà lára irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè mú kó bẹ́ lójú ẹni tó ń jó o. Ká tiẹ̀ ní kò bẹ́, síìlì tó jẹ́ kí gáàsì àkọ́kọ́ jáde ló ṣì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo hínjì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, kí ẹ wá fi ọwọ́ gbé e sókè sódò. Tó bá le tàbí tó ń ké, ìpẹtà àti eruku ti di hínjì. Ẹ fi oílì sí i, kí ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa tì í, títí á fi rọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti fi fílà, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, dí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà rí. Panẹ́lì-bítà tó bá da fílà púpọ̀ sábẹ́ ọ̀dà ti fi ìwúwo kún un, ṣọ́ọ̀kì tó bá ìwé ilé iṣẹ́ mu lè má gbé e mọ́.

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu: agbára, gígùn, àti orí tó ń wọ ara bọ́ọ̀lù, ìyẹn irin roboto kékeré tí ṣọ́ọ̀kì fi há mọ́ ara ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Agbára ni nọ́ńbà tí lẹ́tà N wà lẹ́yìn rẹ̀ lára páìpù, bí àpẹẹrẹ 300N. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí kílò 30 ni ṣọ́ọ̀kì kan ń fi ti nǹkan sókè. Tí nọ́ńbà yìí bá ṣì hàn lára ti àtijọ́, tó sì jẹ́ pé òun ló bá ọkọ̀ náà wá, ẹ tẹ̀ lé e. Tí ó bá ti parẹ́, ẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà méje tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ṣaásì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀yà BMW. Òun ló máa fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀yà tó tọ́. (Àwọn kan á sọ fún yín pé ti Jámánì ni kí ẹ wá nítorí orúkọ BMW. Spartanburg ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe Z3. Nọ́ńbà ẹ̀yà ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.)

Bí fílà bá ti mú bọ́nẹ́ẹ̀tì wúwo, ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara sórí àpótí, kí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí lé e lórí, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, láìsí ṣọ́ọ̀kì lára rẹ̀. Ohun tó bá kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn sún mọ́ ìwúwo gbogbo rẹ̀. Ká ní ó ka kílò 8: kílò 16 nìyẹn, ìyẹn 160N. Ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ibi tó ń dé, kí ẹ ta okùn ìwọ̀n bíríkìlà sílẹ̀ láti àárín rẹ̀, kí ẹ sì wọn bí okùn náà ṣe jìnnà sí hínjì ní ìbú. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣe jìnnà sí hínjì níbi tó ti sún mọ́ ọn jù. Ká ní 16. Ẹ fi 160 lọ́nà 35, kí ẹ fi 16 pín in: 350N. Ẹ pín in sí méjì, 175N fún ẹyọ kan. Ẹ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé e nítorí òtútù àárọ̀ àti nítorí ọjọ́ ogbó: 210N. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí o. Ẹ wọn tiyín.

Ẹ má rò pé èyí tó lágbára jù ló dára jù. Ṣọ́ọ̀kì tó le ju bó ṣe yẹ lọ á máa ti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè nígbà tí ẹ bá ti tì í, àlàfo etí fẹ́ńdà ò ní dọ́gba mọ́, lọ́ọ̀kì á sì máa le láti ṣí. Ibẹ̀ ni ti Golf ti kùnà. Búùtù Golf ní gíláàsì nínú, ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe ti bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, wọ́n sì ṣe ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fún un.

Gígùn: ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín bọ́ọ̀lù kan dé àárín èkejì nígbà tó bá nà tán. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń dá bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró pé kó má kọjá ibì kan, nítorí náà èyí tó gùn jù lè jẹ́ kó lọ gbá nǹkan tàbí kó tẹ hínjì. Gígùn nígbà tó bá wọlé tán burú jùyẹn lọ tí a bá gbàgbé rẹ̀: tó bá kù mìlímítà díẹ̀ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó padé, tí ẹ wá fi agbára tì í, irin bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa tẹ̀. Orí bọ́ọ̀lù tiẹ̀ rọrùn: mìlímítà 10 ló wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ wọn tiyín, torí pé 8 náà wà.

Tuntun ni mo fara mọ́. Stabilus, ilé iṣẹ́ Jámánì kan, wà lára àwọn tó ń ṣe é fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá lọ wá tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó kò mọ iye ọdún tó ti fi wà nílẹ̀, tí síìlì rẹ̀ ń gbẹ. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì padà sókè láìdúró. Bí ibì kan bá rọ̀ láàárín, tàbí oílì ń tutù lára ọ̀pá, tàbí ọ̀pá ní ìhá tàbí ìpẹtà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má sì sọ pé tuntun ti bàjẹ́ nítorí pé ẹ ò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó ku iṣẹ́. Ilẹ̀ títẹ́ ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ní agbègbè òkè wa yìí, ọkọ̀ tó dagun máa ń mú bọ́nẹ́ẹ̀tì fẹ́ yí lọ. Ẹ má ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dé òkè pátápátá kí ṣọ́ọ̀kì lè nà tán, kí ẹ wá fi igi méjì tì í ní igun méjèèjì, pẹ̀lú aṣọ lórí igi. Ara egungun irin ni kí igi náà gbé e, ẹ má fi ti ibi tó fẹ́lẹ́ láàárín. Èèyàn kejì ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àkísà ni kí ẹ tẹ́ sórí fẹ́ńdà. Ẹ fi sikurudiráfà pẹlẹbẹ kékeré sábẹ́ kílíìpù wáyà tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ gbé e ní mìlímítà 2 sí 3 péré. Tí ẹ bá yọ ọ́ tán, ó lè fò sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ fa orí náà jáde gbọọrọ kúrò lára bọ́ọ̀lù, ẹ má fi ṣe lífà, bọ́ọ̀lù tó ti pẹtà lè já. Ẹ nu bọ́ọ̀lù, ẹ fi sípánà dán an wò bóyá ó ti dẹ̀, ẹ fi gíríìsì tíńtín sí i. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dún kà, kí ẹ sì fà á wò. Ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Kò yẹ kí ẹ fi tuntun kan àti àtijọ́ kan sílẹ̀ pọ̀: ẹ̀gbẹ́ kan á máa gbé, ìkejì á máa fà, bọ́nẹ́ẹ̀tì á lọ́.

Ọ̀pá dídán náà ni kó wà nísàlẹ̀ nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní pípadé, kí oílì lè máa sun sórí síìlì. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá ti fi í lọ́nà mìíràn, ẹ tẹ̀ lé ti ilé iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ tì í, ẹ rọra fi ọwọ́ mú un wálẹ̀, kí ẹ dúró nígbà tó bá ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wo àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá ń ta padà tó sì le gan-an níbẹ̀, ẹ dúró, ẹ má jù ú pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi gíríìsì, oílì tàbí kẹrosíìnì sí ọ̀pá náà. Eruku pupa wa àti èyí tí ọkọ̀ ńlá ń gbé sókè lójú ọ̀nà Ọ̀bàjànà á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa ha síìlì nígbàkúgbà tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ tó.

Tí ẹ bá ṣì ń dúró de tuntun, ẹ la páìpù rọ́bà kékeré ní gígùn rẹ̀, kí ẹ fi há ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì nígbà tó bá nà tán. Kò ní lè wọlé. Ó dára ju igi gbígbé síbẹ̀ lásán lọ, ẹ kàn rántí yọ ọ́ kí ẹ tó tì í.

Ẹ má ju àwọn àtijọ́ sínú iná ìdọ̀tí. Tí àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù bá gbà wọ́n lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé gáàsì wà nínú wọn, kí wọ́n má fi iná gé wọn.