Ata Díndín àti Ọpọlọ Ọmọ Inú

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ọmọ mi lóyún, kò tíì ju oṣù méjì lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn fólíìkì, wọ́n ní nítorí ọpọlọ ọmọ ni. Oyún tí ikùn rẹ̀ ò tíì yọ! Ọpọlọ wo ló ti wà níbẹ̀? Ta ló sì ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ lásán pé kí ibí di ojú, kí ọ̀hún di ọpọlọ? — Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì l'Ókè-Àdó, ọmọ kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán mọ́, mà. Kó tó pé nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún dúró, awọ fẹ́lẹ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́yìn ọmọ á ká bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ pọ̀, á di ọ̀pá oníhò. Orí ọ̀pá yìí ló ń di ọpọlọ. Kí ọ̀pá náà lè lẹ̀ pọ̀ dáadáa ni fólíìkì wà fún. Ká sòótọ́, ó yẹ kí ìyàwó ọmọ yín ti máa lò ó, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kí oyún tó dé rárá. Kó ṣáà má dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ta ló ń sọ fún un? Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kẹ́míkà ni ohùn wọn. Nílé wa ní Bẹẹrẹ láyé ọjọ́un, tí ìyá mi bá ń din ata lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà létí ààrò á máa wúkọ́, ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sín, ẹni tó jókòó sójúde á kàn bi wá pé kí là ń sè. Ata kan náà ni o! Bó ṣe pọ̀ tó nímú oníkálukú ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà kan ṣe ń tú jáde lábẹ́ ọ̀pá yẹn, Sonic hedgehog (ẹ má rẹ́rìn-ín, inú géèmù ọmọdé ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn). Níbi tí yóò di okùn inú ẹ̀yìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbà á dáadáa ló ń di èyí tó ń pàṣẹ fún iṣan. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní BMP ń tú wá láti òkè. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni àwọn tó ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn ti ń jáde. Nínú orí, bí Sonic hedgehog bá kùnà, ọpọlọ lè má pín sí ọ̀tún àti òsì. Láyé ọdún 1950, àwọn àgùntàn kan ní Idaho, l'Amẹ́ríkà, ń bí ọmọ olójú kan ṣoṣo. Ewé igbó kan ni ìyá wọn jẹ ní nǹkan bí ọjọ́ 14 oyún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tó wà nínú ewé náà ló ń di etí àwọn sẹ́ẹ̀lì sí ohùn Sonic hedgehog.

Àpọ̀jù náà ń ba nǹkan jẹ́. Fítámì A ni ara fi ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí, ìbátan rẹ̀ sì ni isotretinoin, oògùn ìrorẹ́. Aláboyún ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn ọmọ ìwòyí ń ra nǹkan lórí fóònù. Ẹ fọgbọ́n bi í léèrè, kó má dà bíi pé ìyá ọkọ ń tọ pinpin rẹ̀. Bó bá ń lò ó, kó dáwọ́ dúró lónìí, kó sì sọ fún dókítà.

— Bàbá Tíṣà