Ẹ má tíì sanwó páálí oníná yẹn

Ìyá Ìbejì, ẹ ní wọ́n ń polówó páálí kan fún yín, èyí tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì UV (irú èyí tí wọ́n fi ń wo owó ayédèrú) sí láti mọ̀ bóyá oògùn kòkòrò wà lára ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ kó lọ sí Jámánì, ṣé kí ẹ rà á?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbìn létí odò Àlà l'Ákùúrẹ́ níbí, ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ni mò ń kó sí i. Ọ̀gá kan tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ bá mi níbi tí mo ti ń já ọjà fún oníbàárà. Ó gún ṣọkọ, ó da omi rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ sórí páálí, ó tan iná. Páálí tó ń tàn tẹ́lẹ̀ ṣú. Ó ní oògùn kún inú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá ọjà mi padà nìyẹn, tó rà mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ ńlá fi máa ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ta ló tún fẹ́ gbọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú títí dòní.

Àwọ̀ ewé ló gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì! Omi ẹ̀fọ́ máa ń fa iná UV mu kó tó dé ara páálí, ewé fúnra rẹ̀ sì ń tàn pupa. Ẹ fi spírítì gún ẹ̀fọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV náà sí i, ẹ ó rí i. Ṣọkọ tó dájú pé kò lóògùn ló yẹ kí ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ fi dán an wò, kó lè fi wé tèmi. Ó ní òun kò ráyè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi èédú fa àwọ̀ náà kúrò, ẹ má gbà o, èédú á fa oògùn náà lọ pẹ̀lú.

Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú iṣẹ́ ara yá, ló wà nínú ọ̀pọ̀ páálí wọ̀nyẹn, irú èyí tí ọ̀tapíápíá ń dá dúró nínú ara kòkòrò àti tiwa náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, páálí á ní oògùn wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá pa á nínú búùtù mọ́tò, omi lásán ló máa pè ní oògùn. Fíríìjì ló ń gbé, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Cypermethrin, oògùn kòkòrò mìíràn tí àwọn olóko ń fín káàkiri, páálí kò ní rí i rárá, torí kì í dá ẹ́ńsáìmù yẹn dúró.

Ní ti ẹ̀wà, ọdún 2015 ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn inú ọ̀tapíápíá. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dé. Mílígíráàmù 0.01 oògùn náà nínú kìló ẹ̀wà kan ni wọ́n ń gbà mọ, páálí olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ríran tó bẹ́ẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó ní GC-MS, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ láti dá wọn mọ̀, ni kí ẹ náwó lé. Kí ẹ tó gbé àpò kan, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín léèrè ohun tó fi ń lé kòkòrò. Bó bá jẹ́ àpò PICS onípele mẹ́ta, tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ kòkòrò láìlo oògùn, ló ń lò, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.