Ẹ Bi Wá: Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Lógò Ẹni Tó Ń Du Ipò?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Kàbà ni mo wà, iṣẹ́ gíráfíìsì ni mò ń ṣe. Àbúrò màmá mi fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe lógò, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí fọ́tò wọn wà ńbẹ̀, odò méjì tó pàdé ní Lọ́kọ́ja, ẹyẹ idì, ọkọ́ àti àdá, ìwé, pẹ̀lú súlógàn gígùn kan. Gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ra wọn. Kí ni kí n sọ fún wọn tí wọn ò ní bínú?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun, àbúrò mi. Kọ́kọ́ rán wọn létí pé lógò yìí ò ní sí lórí pépà ìbò o. Orúkọ wọn gan an ò ní sí ńbẹ̀, àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà orúkọ ẹgbẹ́ lèèyàn máa ń rí, níbi ìbò ààrẹ 2023 ẹgbẹ́ 18 ló tò síra wọn lórí pépà kan ṣoṣo, màmá tí ò mọ̀wé á sì máa fojú wá èyí tó mọ̀. Iṣẹ́ tìẹ ni pé kí orúkọ wọn wọ àwọn èèyàn lọ́kàn, kí àwọn èèyàn sì mọ àmì tí wọ́n máa tẹ̀ka sí torí wọn.

Wo bí àwọn àgbà ṣe ń pe ẹgbẹ́. Action Group, Ọlọ́pẹ ni, torí ọ̀pẹ tó wà lára àmì wọn. SDP tí Abíọ́lá bá du ààrẹ ní 1993, ẹlẹ́ṣin, lónìí APC ni onígbálẹ̀, PDP alágboòrùn. Nǹkan kan ni ojú rí, òun náà lẹnu ń pè. Èyí tó o ń ṣe yìí wá ńkọ́, kí ni kí ará ọjà máa pè é? Idì yẹn pàápàá, NRC tó bá Abíọ́lá du ipò lọ́dún yẹn ló lò ó, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò jàre.

Lógò Obama náà nígbà tó ń du ààrẹ Amẹ́ríkà, lẹ́tà O kan ni Sol Sender tó ya lógò ọ̀hún àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú, wọ́n sọ ọ́ di oòrùn tó ń yọ lókè ilẹ̀ tó nílà pupa àti funfun bíi fúláàgì Amẹ́ríkà, ó sì tó.

Má bá wọn jiyàn rárá. Tẹ lógò tí wọ́n fẹ́ yẹn jáde, kó kéré bíi páálí ìṣáná, dúdú àti funfun bó ṣe máa rí lórí fọ́tókọ́pì, kó o tún tẹ òmíì tó jẹ́ orúkọ wọn àti ọkọ́ nìkan tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló jẹ àwọn lógún, kó o lẹ méjèèjì mọ́ ògiri, kí wọ́n dúró lódìkejì títì wò ó. Wọ́n á rí i fúnra wọn. Fọ́tò wọn máa wà lórí pósítà, ẹ̀gbẹ́ lógò ni kó wà, torí ó ṣòro kí ẹ̀rọ tó ń kọ iṣẹ́ sára fésíkáàpù rán ojú èèyàn kó jọ ọ́.

Ní ti àwọ̀, méjì ti tó, mú un látinú ti ẹgbẹ́ wọn, àmọ́ má fi yẹ́lò kọ nǹkan sórí funfun, oòrùn wa yìí ò ní jẹ́ kí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà rí i kà. Orúkọ tí àdúgbò mọ̀ wọ́n sí ni kó o kọ gàdàgbà, oyè lè wà lórí pósítà. Tó o bá ti parí, ìwọ fúnra ẹ ni kó o gbé fáìlì gidi fún onítẹ̀wé, má jẹ́ kí àwọn ọmọ kampéènì lọ gbé èyí tí wọ́n rí lórí WhatsApp fún un, torí ó máa fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ sórí bánà.