Ya fọ́tò ewúrẹ́ rẹ kó o tó fi táàgì sí i létí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè àbúrò tó fẹ́ fi ewúrẹ́ 10 bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, tó ń bèèrè bóyá kí òun fi táàgì, ìyẹn àmì kékeré tí wọ́n ń lù mọ́ ẹran lára, sí wọn létí nítorí olè. Mo sì ka èsì ẹ̀gbọ́n tó ní kí ìjọba Ọ̀ṣun kúkú ṣòfin bíi ti Gúúsù Áfíríkà, kí oníkálùkù forúkọ àmì ẹran rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Abà wa wà lójú ọ̀nà Oǹdó, tí èèyàn bá ti jáde ní Ifẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2019, ewúrẹ́ 14 ni mo ní. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, wọ́n gé wáyà ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n kó 6 lọ. Ajá ò gbó. Èèpo gbáàgúdá tí wọ́n fi tàn wọ́n ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí.

Ọjọ́ kejì ni mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò ẹran kan lọ́jà. Abo pupa ni, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, ó sì lóyún. Bó ṣe gbóhùn mi báyìí ló ké. Mo ní ewúrẹ́ mi rèé. Ọkùnrin náà ò bá mi jà, ó kàn ní, "Bàbá, kí ni àmì tẹ́ ẹ fi sí i?" Mo ní mo gé e létí òsì ni. Ó nawọ́ sí àwọn tó so mọ́lẹ̀: mẹ́ta míì tún wà níbẹ̀ tí wọ́n gé létí òsì, abúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rà wọ́n. Mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́.

A dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ bí sí mi lọ́wọ́! Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn àgọ́ pé ẹ̀rí ni, èmi ni mo sì ń gbé koríko àti omi lọ fún odidi ọjọ́ 11. Ọjọ́ kẹsàn-án ni oyún wálẹ̀ lára rẹ̀, ọmọ méjì. Ohun tó gbà mí ni fọ́tò tí ọmọ mi obìnrin yà níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ewúrẹ́ náà dúró lẹ́yìn wọn. Ó ti fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp tipẹ́, ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀. Àwọn 5 yòókù, odò ẹran ti gbé wọn mì.

Nítorí náà, àbúrò, fọ́tò ni kó o kọ́kọ́ yà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, iwájú orí, kí ìwọ náà wà nínú rẹ̀, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lọ́jọ́ náà gan-an. Táàgì dáa, ṣùgbọ́n etí ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí kéré, èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù á fà á ya. Láàárín ìlà méjì tó le nínú etí ni kó o ti fi ẹ̀mú lù ú. Bèbè etí ni mo lù ú sí, wáyà sì fa mẹ́rin já lóṣù kan. Má sì ṣe é lásìkò òjò. Eṣinṣin yé sójú egbò méjì lára tèmi, ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń yọ ìdin. Tó o bá fẹ́ gé etí, wo ti aládùúgbò rẹ ná, kí tìrẹ lè yàtọ̀. Olè míì máa ń gé etí náà kúrò pátápátá, nítorí náà tó o bá rí ewúrẹ́ tí kò létí lọ́jà, tí egbò ibẹ̀ ṣì tutù, má rà á.

Ẹ̀gbọ́n, òfin méjì ló wà ní Gúúsù Áfíríkà tẹ́ ẹ wí yẹn. Ti ọdún 2002 ló ní kí ẹni tó ní ẹran forúkọ àmì sílẹ̀, kó sì fi sí ẹran lára. Ti ọdún 1959 ló ní kí ẹni tó ń tà kọ̀wé fún ẹni tó ń rà, kí ẹni tó rà á sì fi ìwé náà pamọ́ fún ọdún kan. Èyí ti 1959 yẹn ni mo fẹ́. Ìyá tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ní Ìlódè, ṣé Òṣogbo ni ẹ fẹ́ kó wọkọ̀ lọ torí àmì? Tí kò bá sì lọ, ẹni tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà ló máa jẹun lára rẹ̀. Ní Nàìjíríà tiwa, láti ọdún 1988 ni òfin àrùn ẹran ti ní kí ẹni tó ń kó ẹran títà kiri gba ìwé àṣẹ. Mi ò tíì rí alápatà kan tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fa ewúrẹ́ kan wá.

Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tiwa níbí, ẹni tó jalè lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ẹni tó gba ẹrù olè, tó sì mọ̀ pé olè ni, lè ṣe ọdún 14. "Tó sì mọ̀" yẹn ni gbogbo wọn ń gbà bọ́. Kí ìwé ńlá kan wà ní odò ẹran, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó mú ẹran wá, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àmì etí kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kò ná àgbẹ̀ ní kọ́bọ̀.

Àbúrò, táàgì kékeré tó kù sí mi lọ́wọ́ á tó 30. Tó o bá gba ọ̀nà Oǹdó kọjá, wá mú 10, màá yá ọ ní ẹ̀mú. Ṣùgbọ́n dá ẹ̀mú mi padà o.